Aṣọ Funfun Tó Wà Nínú Àpótí Alhaja

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ má ka ìtàn yìí dé ìlàjì kí ẹ sọ fóònù sílẹ̀. Ẹ kà á dé ìsàlẹ̀, torí ìsàlẹ̀ ni ata rẹ̀ wà.

Ní Peckham níbí, ní London, ìyàwó ilé kan wà tó ń jẹ́ Àìṣát. Òun, Làtíìfù ọkọ rẹ̀, àti ìyá ọkọ rẹ̀, Alhaja Àsúmáù, ni wọ́n jọ ń gbé flat kan. Alhaja ti dàgbà, orúnkún ò jẹ́ kí wọ́n lè bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ mọ́. Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n kà sí dúkìá wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì: àpótí kékeré kan, aṣọ funfun ló wà nínú rẹ̀. Ọdún tí wọ́n lọ Mẹ́kà ni wọ́n rà á, tí wọ́n fi omi sámúsámù fọ̀ ọ́, tí wọ́n fi òróró olóòórùn dídùn pa á.

Wọ́n pe Àìṣát lọ́jọ́ kan, wọ́n ní, "Mi ò bí ọmọbìnrin. Ìwọ ni mo fi í lé lọ́wọ́. Ọjọ́ tí mo bá kú, òun ni kí ẹ fi wé mi." Àìṣát kúnlẹ̀, ó gba àmánà. Gbogbo obìnrin mọ́ṣáláṣí ló mọ̀ nípa aṣọ yẹn.

Ṣé ẹ mọ̀ pé tó bá di October, àsìkò Halloween, ńṣe làwọn èèyàn ibí ń wá ẹ̀rù kiri bí ẹni ń wá oúnjẹ. Lọ́dọọdún, Evelyn, ọ̀gá Àìṣát níbi iṣẹ́, á kó àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ lọ wo àwọn ibi àtijọ́ tí wọ́n ní òkú ti ń rìn: ṣọ́ọ̀ṣì Deptford tí wọ́n gbẹ́ agbárí sórí òpó géètì rẹ̀, ilé ọtí àtijọ́ kan ní Bermondsey, kí wọ́n tó parí rẹ̀ sí itẹ́ òkú kan tí igbó ti bò. Oníkálukú á múra bí òkú, ẹni tó bá dẹ́rù bani jù á gba adé.

Lọ́dún kan, Àìṣát wọ aṣọ ọ̀rá tó rà ní ṣọ́ọ̀bù. Evelyn wò ó látòkè délẹ̀, ó ní ó jọ ọ̀rá tí wọ́n fi ń di ẹran ní ọjà Rye Lane. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Odindi ọdún kan ni Àìṣát fi gbé ẹ̀rín yẹn kiri.

Nígbà tí October tún dé, ó ní àfi kí òun gba adé. Ó wá aṣọ títí, kò rí èyí tó tẹ́ ẹ lọ́rùn. Gbogbo rẹ̀ ló ń dán bíi tuntun. Ìgbà tó délé ló rántí àpótí. Ọkàn rẹ̀ sọ fún un pé ọjọ́ kan péré ni, òun á fọ̀ ọ́, òun á dá a padà, ta ni yóò mọ̀? Ìgbà tí Alhaja ń kírun ọ̀sán lọ́wọ́, tí wọn ò lè wẹ̀yìn, ló wọlé, ó fa àpótí jáde lẹ́yìn wọn.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún ibẹ̀ kà. Lẹ́yìn ẹni tó ń kírun.

Ó fi sísọ́ọ̀sì gé ojú méjì sí i. Ó ta àwọ̀ pupa sí i bí ẹ̀jẹ̀.

Ilẹ̀ máa ń tètè ṣú lásìkò yẹn. Nígbà tí Àìṣát yọ láàárín àwọn sàréè, Evelyn fúnra rẹ̀ fà sẹ́yìn. Wọ́n ní èyí ò jọ eré rárá, pé òórùn rẹ̀ pàápàá jọ ti ilé òkú. Wọ́n dé e ládé, wọ́n ya fọ́tò, Àìṣát sì gbé e sórí status rẹ̀. Kò tiẹ̀ rí i pé ẹrẹ̀ ti gba aṣọ náà dé àárín.

Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ló fọ̀ ọ́. Pupa ò kúrò, ojú méjì yẹn sì ń wò ó láti inú ẹ̀rọ ìfọṣọ. Ó dì í sínú ọ̀rá dúdú, ó jù ú sí bíìnì, ọkọ̀ ìdọ̀tí council sì kó o lọ. Ó wá ra aṣọ funfun mìíràn ní Rye Lane, ó ká a sínú àpótí, ó da òróró lé e.

Ní Jímọ̀ tó tẹ̀lé e, Alhaja ní kó gbé àpótí wá, kí òun gbóòórùn aṣọ òun. Wọ́n gbé e símú. Wọ́n fọwọ́ pa á títí.

"Àìṣát, aṣọ yìí ò mọ̀ mí."

"Mummy, òun náà ni."

"Aṣọ mi dà?"

"Wallahi, Mummy, òun náà nìyẹn."

Alhaja wo ojú rẹ̀, wọ́n sì da aṣọ náà padà sínú àpótí. "O ti búra, ó ti tán. Ẹni tó máa wé mi á mọ̀ ọ́n."

Ọjọ́ mọ́kànlá lẹ́yìn náà, Alhaja ò jí kírun àsùbáà. Dókítà ní ọjọ́ ogbó ni. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun tó kù.

Aunty Ràfíátù, tí wọ́n máa ń wẹ òkú obìnrin ní mọ́ṣáláṣí, ní kí wọ́n gbé aṣọ Mẹ́kà wá. Nígbà tí wọ́n tú u dé ìṣẹ́po ìsàlẹ̀ pátápátá, sítíkà ṣọ́ọ̀bù Rye Lane ṣì lẹ̀ mọ́ ọn. Wọ́n wo sítíkà, wọ́n wo Àìṣát. Wọ́n mú fóònù wọn, wọ́n ṣí fọ́tò kan tí ẹnì kan ti mú láti orí status Àìṣát fi ránṣẹ́ sí àwọn obìnrin mọ́ṣáláṣí, pé ẹ wo ìyàwó Làtíìfù, adé wà lórí ẹ̀.

"Ojú méjì tí o gé yìí," wọ́n ní, "ara aṣọ wo lo ti gé e?"

Làtíìfù wà lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní kó sọ ibi tí aṣọ ìyá òun wà, kí òun lọ gbé e wá. Àìṣát wólẹ̀. Ó ní bíìnì lòun jù ú sí.

Ààfáà ní aṣọ funfun èyíkéyìí tó bá mọ́ ti tó fún òkú. Aṣọ Rye Lane ni wọ́n fi sin Alhaja. Ṣùgbọ́n wọn kì í ta àmánà mìíràn ní Rye Lane. Lẹ́yìn àdúà ọjọ́ kẹjọ, Làtíìfù kó ẹrù rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Kò lù ú, kò bú u. Ó ní, "Mi ò bínú. Mi ò kàn mọ ohun tí mo tún lè fi lé ọ lọ́wọ́ ni."

Ní Halloween ọdún tó tẹ̀lé e, wọ́n kan ilẹ̀kùn Àìṣát. Ó ṣí i. Ọmọdé kan ló dúró síbẹ̀, ó da aṣọ funfun borí, ihò méjì wà lójú rẹ̀. Súìtì lásán ló wá gbà. Àìṣát jókòó sílẹ̀ nínú pálọ̀ tó ti ṣófo látìgbà tí Làtíìfù ti lọ.

Ẹ lọ wo ilé àtijọ́ o, ẹ lọ wo sàréè, ẹnikẹ́ni ò dá yín lọ́wọ́ kọ́. Ṣùgbọ́n ohun tí àgbà bá fi pamọ́ de ọjọ́ ikú, ẹ má fi í gba adé lọ́dọ̀ ẹni tí kò mọ ohun tó jẹ́. Ẹ sì má fi orúkọ Ọlọ́run bo irọ́. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ti Àìṣát ò pé ogún ọjọ́.