Ọwọ́ Fáìlì Kan, Olùkà Méjì

Èmi ò mọ nǹkan kan nípa kọ̀ǹpútà o. Títàn ni mo mọ̀; pípa rẹ̀, wọ́n máa ń ràn mí lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ ọ́n, ẹ má fi ìtàn yìí sílẹ̀ lágbedeméjì. Ẹ kà á tán, torí ẹ̀jẹ̀ wà ní ìdí rẹ̀.

1.
Ọláòtán ń ta kpayo, epo mọ́tò tó ń gba Ìdìrókò wọlé, ní Igolo, ní ẹnubodè ilẹ̀ Benin. Ọlọ́gbọ́n èèyàn ni: yàrá tó kángun sí ìdí ààrò ló kó bídọ̀n, ìyẹn kẹ́ẹ̀gì epo, sí! Léontine ìyàwó rẹ̀, tòun toyún, ló ń rọ epo sínú ìgò níbẹ̀. Nígbà tí òórùn epo mú un dákú lọ́jọ́ kan, ẹ̀rù ba ọkọ. Ó ránṣẹ́ pe Hugues, ọmọkùnrin Ifangni tó ń fi Python kọ ètò kọ̀ǹpútà, tó ń rìn bí ẹni pé òun ló bí iná mànàmáná.

Hugues gbé ẹ̀rọ tó ń gbọ́ òórùn wá. Ó ṣí ọwọ́ fáìlì kan tí ètò fi ń ta ètò mìíràn lólobó. Òórùn bá ti pọ̀, ẹ̀rọ á kọ iye sí i. Ètò fèrè tó ń ṣọ́ ọ á kà á, fèrè á ké, Léontine á sá jáde. Bí ètò bá ti ka iye náà, ó di òdo. Iṣẹ́ náà dára. Ì bá jẹ́ fi mọ bẹ́ẹ̀!

2.
Hugues fẹ́ kí fóònù òun náà máa dún, kí àwọn ọlọ́mọge lè béèrè pé kí nìyẹn. Ló bá kọ ètò kejì, ó ní kó máa ka ọwọ́ fáìlì kan náà.

Sylvie tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ wò ó. "Hugues, ètò tó bá kọ́kọ́ kà á ló gbé e lọ. Òdo ni ìkejì máa bá. Ṣí méjì, kí ẹ̀rọ máa kọ sí méjèèjì."

"Laisse, fi mí sílẹ̀, Sylvie! Mo ti dán an wò. Lákọ̀ọ́kọ́, fèrè ké. Lẹ́ẹ̀kejì, fóònù dún. Voilà, méjèèjì ń ṣiṣẹ́."

"Ṣé wọ́n dún pọ̀?"

"Lọ wá ọkọ fẹ́ jàre!"

"Ọkọ ń bẹ o. Fèrè ni mò ń bi ẹ́."

3.
Lọ́sàn-án gangan, bídọ̀n kan bẹ́. Ẹ̀rọ kọ iye. Ètò fóònù ló kọ́kọ́ kà á.

Hugues wà ní ilé ọtí ní Ifangni. Ó gbé fóònù sókè: "Ẹ wo iṣẹ́ ọwọ́ mi! Fèrè ti lé wọn jáde ní Igolo báyìí." Wọ́n pàtẹ́wọ́.

Fèrè ò ké. Kí ẹ̀rọ tó kọ iye mìíràn, òórùn epo ti bá iná ààrò pàdé.

Gbàmù! Òrùlé fò. Léontine sáré jáde bí ògùṣọ̀, awọ apá rẹ̀ ń bọ́ sílẹ̀. Ọkọ rẹ̀ yí i mọ́ yanrìn, iná bo òun náà ní irùngbọ̀n. Àwọn ará àdúgbò gbé garawa dé: àwọn kan fi gbé omi, àwọn kan ń gbọ́n epo tó ń ṣàn lọ sílé!

Léontine kú kí ilẹ̀ tó ṣú, òun àti ọmọ inú rẹ̀.

4.
Ọláòtán gun zémì, ọ̀kadà wọn, lọ sí ilé ọtí náà ní Ifangni pẹ̀lú àdá.

"Ṣé fèrè ké?"

"Tonton, ẹ jọ̀ọ́, fóònù mi dún..."

"Mo ní, ṣé fèrè ké?"

Hugues gbé ọwọ́ sókè láti fi bo orí. Ọwọ́ náà já bọ́ sáàárín ìgò bíà. Àwọn tó pàtẹ́wọ́ fún un ló kọ́kọ́ gba ojú fèrèsé sá lọ.

Ọláòtán wà lẹ́wọ̀n. Hugues ń fi ọwọ́ òsì tẹ kọ̀ǹpútà.

Ẹ gbọ́ o: ohun tí ẹ bá kọ láti dá ẹ̀mí sí, ẹ má fi ṣe fáàrí. Ètò méjì kì í ka ọwọ́ fáìlì kan; ẹ ṣí ti ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, kí ẹ sì dán wọn wò pọ̀. Aláṣejù, pẹ́rẹ́ ní í tẹ́.

Èyí tí ìwọ náà kọ sílẹ̀, ta ló gbẹ́kẹ̀ lé e?