Àwọsánmà Aláwọ̀ Ewé

Arlene ń bu kọfí nígbà tí àwòrán náà yọ lójú fóònù rẹ̀, nínú ẹgbẹ́ àwọn tó ń ya ojú ọ̀run ní Nebraska.

Àwọsánmà kan ni, ó ga bí òkè, ó dúdú, ó sì ní àwọ̀ ewé nínú.

Igba èèyàn ti yìn ín. "Ẹlẹ́dàá mi o, ẹ wo ẹwà!" "Ẹni tó ya èyí, ọwọ́ ẹ ò ní rọ!"

Arlene gbé ife kọfí sílẹ̀. Ọmọ agbègbè wọn kì í rí àwọ̀ ewé lójú ọ̀run kó dúró wò ó.

Ó sáré tẹ̀ ẹ́ sábẹ́ àwòrán náà: "Sá! Wọ yàrá abẹ́ ilẹ̀! Ìjì ń bọ̀!"

Ó tún un tẹ̀, ó tún un tẹ̀.

Fóònù dún. Merle ni, alága ẹgbẹ́ náà.

"Arlene, jọ̀ọ́, gbé fóònù yẹn sílẹ̀."

"Ṣé ojú ń dùn ẹ́ ni? Ẹ ń pariwo ó rẹwà, ó rẹwà, bí ẹni tó rí ìyàwó tuntun! Ẹ sọ fún ọmọ náà kó sá!"

Merle mí kanlẹ̀.

"Àwòrán àtijọ́ ni fóònù tún gbé jáde. Ó pé ọdún kan lónìí, Arlene."

Arlene mọ̀. Ó mọ ẹni tó ya àwòrán náà: Curtis, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, tí ìjì yẹn gbé lọ.

Ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ wọlé lábẹ́ àwòrán náà lọ́jọ́ yẹn ló fẹ́ fi ìkìlọ̀ bò mọ́lẹ̀. Arlene fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́.

"Ó mà rẹwà o, ọmọ mi. Sún mọ́ ọn díẹ̀ sí i, kí o tún un yà fún mi."