Ẹni Tó Gbà Láti Bá Wọn Jẹun

Oyèníyì àti Mojíròlá, ìyàwó rẹ̀ tuntun, rìn títí dé ẹ̀yìn àpáta kan ní erékùṣù ilẹ̀ Gíríìsì. Wọ́n bá etí òkun oníyanrìn níbẹ̀, kò sí ẹnì kankan. Ilẹ̀ ti ń ṣú, ìgbì sì ń lu àpáta bí ẹni tó ń bínú sí i. Wọ́n ń jẹ ẹja díndín lọ́wọ́ nígbà tí ọkùnrin kan jáde láti inú omi. Aṣọ ọrùn rẹ̀ gbẹ táútáú.

"Ẹ wá bá wa jẹun o," ni Oyèníyì fi ṣẹ̀fẹ̀.

Mojíròlá rẹ́rìn-ín. "Olówó orí mi, ta ló gbọ́ Yorùbá níbí? Bó bá lọ gbà ńkọ́?"

"Bó bá gbọ́ ọ, á mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni. Á kàn ní, 'Á gba ibi ire.'"

Ọkùnrin náà kò wí bẹ́ẹ̀. Ó jókòó. Ó jẹ ẹja náà teegunteegun, ó rún abọ́ rẹ̀ wómúwómú. Lẹ́yìn náà ló di ọwọ́ Oyèníyì mú, ó sì gé e jẹ. Oyèníyì figbe ta. Mojíròlá gbé òkúta, ó là á mọ́ ọn lórí títí agbárí fi fọ́. Yanrìn gbígbẹ ló ń dà jáde.

Ọkùnrin náà gbójú sókè, ẹ̀jẹ̀ Oyèníyì kún ẹnu rẹ̀.

"Ìyàwó," ló wí jẹ́jẹ́, bí àgbà ilé, "máa bọ̀ wá jẹun."

Òkúta bọ́ lọ́wọ́ Mojíròlá. Kó tó mọ̀, ẹnu rẹ̀ ti dáhùn bí ìyá rẹ̀ ṣe kọ́ ọ.

"Á gba ibi ire, sà."

Ọkùnrin náà mi orí pé ó gbọ́, ó sì padà sídìí oúnjẹ rẹ̀.