Katakata Bàbá Télọ̀

Bàbá Télọ̀ kò roko rí láyé wọn. Abẹ́rẹ́ àti òwú ni wọ́n fi tọ́ ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, títí ojú wọn fi di bàìbàì. Ìdí nìyí tí gbogbo àdúgbò fi bú sẹ́rìn-ín lọ́jọ́ tí tírélà já òkú katakata kan sí ẹ̀yìnkùlé wọn. Ògbólógbòó ẹ̀rọ oko ni, ó ga ju òrùlé ilé lọ, táyà rẹ̀ jẹ́ méjìméjì ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, àárín rẹ̀ ló sì ti máa ń ṣẹ́ po bó bá fẹ́ yà. Ẹ́ńjìnnì inú rẹ̀ ti nọ́ọ̀kì tipẹ́.

"Mo fẹ́ máa dáko," ni Bàbá wí fún gbogbo ẹni tó bi wọ́n.

Ìyá Sípánà, ọmọ wọn, kò rẹ́rìn-ín. Iṣẹ́ ẹ́ńjìnnì tírélà ló ń ṣe nílùú ńlá, orúkọ ìnagijẹ náà sì ti ibẹ̀ bá a wálé. Nígbà tí ìyá rẹ̀ kú, ó fi iṣẹ́ sílẹ̀ torí pé bàbá rẹ̀ kò lẹ́nìkan mọ́. Láti ìgbà tó ti dé, orí ibùsùn ló ń wà, tó kọjú sí ògiri. Ó jáde wo katakata náà, ó wo bàbá rẹ̀, ó sì sọ nínú ara rẹ̀ pé ọ̀fọ̀ ti da orí wọn rú. Ẹni tó wà nírú ipò yìí kò ṣeé fi sílẹ̀.

Ó wọ aṣọ iṣẹ́, ó bẹ̀rẹ̀.

Ó fi ṣéènì fa ẹ́ńjìnnì àtijọ́ jáde. Ẹ́ńjìnnì tírélà ló rí rọ́pò rẹ̀, ṣùgbọ́n ó gùn jù, ihò rẹ̀ kò sì bá ti gíà mu. Irin tó nípọn ni wọ́n ní láti gé sáàárín àwọn méjèèjì, kí wọ́n sì jó ìjókòó tuntun fún un. Bẹ́ẹ̀ ni oníwẹ́dà ṣe dé. Níbi tí wọ́n ti ń jó irin pọ̀ ni ọkàn tiwọn náà ti lẹ̀ pọ̀.

Kò pẹ́ tí iṣẹ́ gbé oníwẹ́dà lọ sí ìlú kan tí wọ́n ti ń kan ọkọ̀ ojú omi. Ó ní kí Ìyá Sípánà wá kí àwọn jọ máa gbé.

"Jẹ́ kí katakata yìí dún ná," Ìyá Sípánà dá a lóhùn. "Tí Bàbá bá ti rí nǹkan tí wọ́n á máa wà kiri, ọkàn wọn á kúrò lára mi."

"Tó bá kọ̀ ńkọ́?"

"Ẹ́ńjìnnì kì í kọ̀ fún mi."

Lóòótọ́, ẹ́ńjìnnì kò kọ̀. Bàbá ló kọ̀, wọn ò jẹ́ kó ṣíná sí i.

"Ọmọ mi, àwọ̀ rẹ̀ ti ṣá," ni wọ́n wí. "Ta ní ń wọ aṣọ tó ṣá ròde?" Ó ha ọ̀dà àtijọ́ kúrò, ó kun òmíràn. Wọ́n ní àga inú rẹ̀ ti ya. Lẹ́yìn àga, wọ́n ní ó yẹ kí wọ́n pààrọ̀ gbogbo rọ́bà tó ń gbé ọ́ìlì. Òjò lọ, ẹ̀ẹ̀rùn dé, òjò tún padà.

Láràárọ̀ ni Bàbá ń gbé àpótí wá jókòó tì í. "Ṣé o sùn dáadáa? Kí la fẹ́ rán lónìí?" Wọ́n á gbé oúnjẹ fún un, wọ́n á sì máa wo ẹnu rẹ̀ títí àwo á fi mọ́. Ojú wọn wá dà bí okùn ọrùn ewúrẹ́ lára rẹ̀: ó gùn tó kó jẹun, kò gùn tó kó lọ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó tọjà dé, ó bá Bàbá lábẹ́ katakata pẹ̀lú sípánà lọ́wọ́. Epo dísẹ̀lì ń kán tó tó tó.

"Bàbá, kí lẹ̀ ń tú?"

"Mo... mo fẹ́ wò ó bóyá ó le ni."

"Ó le. Èmi ni mo dè é."

Wọ́n wọ́ jáde, wọ́n ń fi ọwọ́ nu ọwọ́. "Má bínú. Ó ti ń yá jù ni."

Ó lọ sẹ́yìn ilé, ó fi ọwọ́ bo ẹnu, ó sunkún. Ta ni yóò pariwo lé bàbá tó kù ú kù lórí? Ní ìrọ̀lẹ́ ni oníwẹ́dà pè. "Mi ò bá bàbá rẹ jà," ó ní. "Ṣùgbọ́n mi ò lè fẹ́ ìwọ àti katakata pọ̀."

Bí ilẹ̀ ṣe mọ́, Ìyá Sípánà kò dúró de àpótí ẹnikẹ́ni. Ó de ohun tí Bàbá tú, ó fa afẹ́fẹ́ kúrò nínú páìpù dísẹ̀lì, ó ṣíná sí ẹ́ńjìnnì. Ẹ́ńjìnnì wúkọ́, ó tún wúkọ́, ló bá bú ramúramù. Páànù orílé gbọ̀n, adìẹ aládùúgbò fọ́n ká. Bàbá sáré jáde pẹ̀lú ọṣẹ lójú. Kì í ṣe katakata ni wọ́n ń wò.

"Ò ń rẹ́rìn-ín," ni wọ́n wí.

Ó tì wọ́n gòkè sórí àga, ó fi ibi tí wọn yóò tẹ̀ hàn wọ́n. Wọ́n ń yí po lórí pápá, wọ́n ń hó bí ọmọdé. Ó dúró lẹ́nu géètì, ó ń wá bí yóò ṣe sọ ọ́: Bàbá, mo ń lọ. Ọ̀rọ̀ náà wúwo ju ẹ́ńjìnnì lọ. Ó lè pa wọ́n.

Obìnrin àgbà kan, arẹwà, yà wọlé láti títì. Ó wo Ìyá Sípánà látòkè délẹ̀, bí ẹni ń wo aláìsàn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde.

"Ìwọ lọmọ tí bàbá rẹ ní àwọn ò lè torí mi fi sílẹ̀," ó ní, "àfi tí katakata tí wọ́n rà láti fi gbé ọ dìde lórí ibùsùn bá dún, tí ìwọ náà sì rẹ́rìn-ín, mo ti gbọ́ ìró rẹ̀ láti títì, ọmọ mi, ṣé ara rẹ ti wá le tó báyìí kí bàbá rẹ máa bá mi lọ?"