Ohùn Obìnrin Inú Àwo Bàbá Àkànjí

Àkànjí ń gbọ́ àwo orin fọ́ńkì tí bàbá rẹ̀ tó ti dolóògbé kọ́kọ́ ṣe ní Ògbómọ̀ṣọ́.

Ojú kìíní, ijó ni.

Ojú kejì kò ní ìlù, kò ní gìtá. Obìnrin kan ṣoṣo ló ń ké.

Àkànjí gbé ojú kejì yìí sórí Fesibúùkù. Ẹnì kan kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé:

"Bàbá yín mà gbọ́n o! Ta ló ń dá irú àrà yìí láyé ìgbà yẹn?"

Orí Àkànjí wú. Ó gbé fóònù tí ohùn náà ń jáde nínú rẹ̀ sétí ìyá rẹ̀.

Ìyá ti fóònù náà kúrò létí.

"Èmi nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n rẹ ni mo fẹ́ bí. Mo bẹ bàbá rẹ kí wọ́n lọ pe agbẹ̀bí. Wọ́n ní kí n má dákẹ́, ohùn mi dùn."

"Ẹ̀gbọ́n wo, Màámi? Ṣebí èmi ni àkọ́bí yín?"

"Ìgbà tí téèpù tí wọ́n fi ń gba ohùn mi sílẹ̀ tán ni wọ́n tó lọ pe agbẹ̀bí."