Àwọn Tí Kò Dáko

Akẹ́kọ̀ọ́ kan tún gbá ilẹ̀kùn lífíìtì tó há mọ́ ọn. "Ẹ ṣí i o! Mo fẹ́ submit ní aago méjì!"

Ìwé ìwádìí rẹ̀ tó fẹ́ fi sílẹ̀, tó dì mọ́yà, sọ pé láyé ijọ́un, ènìyàn kan ò lè gbé inú igbó kìjikìji láìdáko.

Bàbá arúgbó tó ń gbé iṣu bọ̀ láti ọjà Rye Lane ní London, tí wọ́n jọ há sínú lífíìtì náà, rẹ́rìn-ín. "Nígbà tí sójà lé wa kúrò lábúlé, ọdún kan la fi gbénú igbó. A ò dáko."

"Daddy, kí lẹ wá ń jẹ?"

"Iṣu igbó. Ìgbín. Ẹkùrọ́..."

Òṣìṣẹ́ kan tó wá tún lífíìtì ṣe fi irin ṣílẹ̀kùn láti ìta. "Ẹ jáde!"

Akẹ́kọ̀ọ́ náà ò jáde, ó jókòó sílẹ̀ nínú lífíìtì. Ó dojú ìwé náà dé, ó ń kọ̀wé sẹ́yìn rẹ̀.

"Daddy, ẹ máa sọ ọ́ lọ."