Oúnjẹ Àwọn Ọmọ Áńgẹ́lì

Ní ọdún 1974, kò sí ohun tó ń dùn mọ́ Akínwándé nínú ní gbogbo Ìlọrà tó ẹja. Kì í ṣe ẹja ọbẹ̀ o. Ẹja áńgẹ́lì ni, akọ kan, abo kan, pẹlẹbẹ bí àwo, lẹbẹ́ wọn fẹ̀ bí apá agbádá. Òyìnbó kan tó ń kó ẹrù padà sílé ló fún un, tòun ti àpótí dígí tí wọ́n ń gbé.

Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni tọkọtaya náà ti yé ẹyin sára ewé inú omi. Ẹyin àkọ́kọ́, àwọn òbí fúnra wọn ló jẹ ẹ́ tán. Ìkejì pa ní tiẹ̀, ṣùgbọ́n ebi ló kó gbogbo ọmọ lọ. Àwọn ti ẹ̀ẹ̀kẹta ló wá ń sáré kiri báyìí, wọn ò ju hóró ìrẹsì lọ, Akínwándé sì ń kọrin fún wọn láràárọ̀. Tànwíjí ni wọ́n ń jẹ, àwọn wẹ́wẹ́ tó ń jó nínú omi kí wọ́n tó di ẹ̀fọn. Bí ebi bá kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe. Ṣùgbọ́n tànwíjí dà?

"Tí àwọn wọ̀nyí bá tún kú," Hannah ìyàwó rẹ̀ wí, "gàrí ni mo máa rọ sínú àpótí yẹn."

"Jẹ́ ká gbé omi sẹ́yìnkùlé, kí ẹ̀fọn yé sí i."

"Ní ilé tiwa? Kí ni kí aráyé wá wí?"

"Irú ìlú wo tiẹ̀ nìyí, tí kò ní tànwíjí?"

Hannah rẹ́rìn-ín títí ìró rẹ̀ fi fẹ́ tú. "Ẹ lọ bi wolé-wolé! Ta ló ń yẹ ìkòkò omi ará ìlú wò tó sọ gbogbo wọn di onímọ̀tótó?"

"Ọkùnrin yẹn ti ṣe é láṣejù," Akínwándé dáhùn. Kò rẹ́rìn-ín.

Bí ilẹ̀ ti mọ́, ó mú tọ́ọ̀ṣì àti agolo mílíìkì, ó gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ilé Beatrice ló kọ́kọ́ yà. Kó tó la ẹnu, Beatrice ti ṣí ìkòkò fún un.

"Ẹ wò ó dáadáa, sà. Omi àná ni."

Omi náà mọ́ tónítóní. Inú Akínwándé bàjẹ́. Ní ilé kejì, wọ́n ti fi eérú fọ ìkòkò tiwọn. Ní ilé Solomon, tẹbí tará ló dúró lẹ́nu ọ̀nà tẹ̀ríntẹ̀rín.

"Ẹ ò lè rí ẹyọ kan níbí, sà!" Solomon fọ́nnu.

Akínwándé fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún.

Oòrùn ti mú kó tó dé ọ̀dọ̀ Màmá Ọ̀ṣunlọlá, ìyá arúgbó tó ń dá gbé lọ́nà Fìdítì. Màmá ní òun ò ní ìkòkò kankan. Akínwándé gba ẹ̀yìn ilé ìdáná lọ. Ó rí ìkòkò ńlá kan tí wọ́n fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò. Ó ṣí i, ó tan tọ́ọ̀ṣì sí i.

Tànwíjí! Wọ́n kún un dẹ́nu, wọ́n ń jó. Akínwándé fò sókè, ó pàtẹ́wọ́, fìlà rẹ̀ já bọ́. Màmá ti wà lórí ìkúnlẹ̀, ó ń nawọ́ láti da ìkòkò náà dé.

"Ẹ má dà á nù o, Màmá! Ẹ ò gbọdọ̀ dà á nù!" Ó bu agolo rẹ̀ kún, ó ń rẹ́rìn-ín kèékèé. "Ojoojúmọ́ ni n ó máa wá! Ẹ̀yin nìkan ni mo rí mú ní gbogbo ìlú yìí!"

Màmá di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀: "Wolé-wolé, ẹ dákun, ẹ kúkú gbé mi lọ sí kóòtù lẹ́ẹ̀kan, kó tán!"